Epo pupa àti mínírà lórí aṣọ òkè oníṣáìn-ṣáìn: kí ni dry cleaning ń ṣe gan-an?

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ọwọ́ yín mọ́ iṣẹ́ aṣọ.

Ìró àti bùbá aṣọ òkè ni, èyí tó ní ṣáìn-ṣáìn lára. Epo pupa ta sí iwájú ìró, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mínírà ọlọ́sàn dà sí apá bùbá, ṣùgbọ́n ìyẹn ti gbẹ, kò tilẹ̀ hàn mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta rèé, n kò tíì fi omi kàn án. Alágbàfọ̀ kan ládùúgbò ní òun á fi bẹntiróòlù nu epo yẹn, pé ohun tí wọ́n ń pè ní dry cleaning náà nìyẹn. Ẹlòmíràn ní kí n rẹ gbogbo rẹ̀ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ mọ́jú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni dry cleaning ń ṣe fún aṣọ gan-an? Ṣé lóòótọ́ ni kì í lo omi? Kí ni kí n ṣe sí àbàwọ́n méjèèjì báyìí, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún ní ẹ̀rọ lóòótọ́? Kóòtù kan náà wà nílẹ̀ tí wọ́n kọ P sínú àmì róbótó sí ọrùn rẹ̀ nínú.

Alágbàfọ̀_Ojúlówó fèsì:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú àmójútó. Ohun tó dáa jù tí ẹ ṣe ni pé ẹ kò fi omi kàn án. Omi gbígbóná yẹn, ẹ má dán an wò. Bẹntiróòlù, ẹ má jẹ́ kó dé sàkání aṣọ yẹn rárá. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà sí, kò sì dìgbà tí ẹnìkan bá ṣáná sí i kó tó gbiná. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé, títan iná yàrá lásán, ó ti tó. Ká tiẹ̀ ní iná ò ṣẹ́ yọ, èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn fún ọkọ̀ kì í fò lọ tán, á fi òrùka sílẹ̀ yí ká ibi tí wọ́n nù.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ yẹn ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, epo tó ń gbiná ni wọ́n ń lò lóòótọ́: tapẹntáìnì, kẹrosíìnì, bẹntiróòlù. Télọ̀ aláwọ̀ dúdú kan ní New York, Thomas Jennings, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lọ́dún 1821 lórí ọ̀nà ìfọṣọ kan tí wọ́n pè ní dry scouring. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìwé náà jóná nígbà tí iná jó ọ́fíìsì wọn ní 1836, nítorí náà ohun tó lò gan-an ti bá iná lọ. Nǹkan bí ọdún 1930 síwájú ni kẹ́míkà tí kì í gbiná, perchloroethylene, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní perc, bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò epo wọ̀nyẹn.

Ó dáa. Ṣé kì í lo omi? Aṣọ máa ń rin gbindin nínú ẹ̀rọ, àmọ́ omi kọ́ ló rin ín. Kẹ́míkà olómi tó ń tú ọ̀rá ni, sọ́fẹ́ǹtì là ń pè é. Omi máa ń wọnú fọ́nrán òwú, á mú kó wú. Wíwú yẹn ló ń bí súnkì, òun ló ń bí kíká jọ, òun náà ló ń mú kí àwọ̀ ṣí. Sọ́fẹ́ǹtì kì í mú òwú wú. Ó kàn ń gba ara rẹ̀ kọjá ni, á tú ọ̀rá, ọ̀rá náà ló sì di ìdọ̀tí mú. Tí ọ̀rá bá ti lọ, erùpẹ̀ á já fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn, lójú, ó jọ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: táǹkì méjì tàbí mẹ́ta, asẹ́, ìkòkò tí a fi ń se sọ́fẹ́ǹtì, àti ibi títutù tó ń sọ ooru di omi padà. A ó kọ́kọ́ tú gbogbo àpò aṣọ wò, torí bírò kan ṣoṣo lè ba odindi ẹrù kilo 10 jẹ́. A ó ya funfun sọ́tọ̀. A ó wá àbàwọ́n, a ó tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì kó tó wọlé. Sọ́fẹ́ǹtì tí a pò mọ́ ọṣẹ tirẹ̀, bíi 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, á máa yí aṣọ fún ìṣẹ́jú 8 sí 15. Ẹ̀rọ á fà á jáde, á fi eré yí aṣọ kí sọ́fẹ́ǹtì tó kù lára rẹ̀ lè jáde, afẹ́fẹ́ gbígbóná bíi 60°C á wá gbẹ ẹ́ nínú ẹ̀rọ kan náà. Ooru tó ń tara aṣọ jáde á gba ibi títutù kọjá, á tún di sọ́fẹ́ǹtì, á ṣàn padà sí táǹkì. Èyí tó ti dọ̀tí, a ó sè é. Perc ń hó ní 121°C. Ooru rẹ̀ á gòkè, á tutù, á di mímọ́ gaara, bí ẹni ń pọn ògógóró gẹ́lẹ́, ìdọ̀tí á sì kù sísàlẹ̀ ìkòkò bí ọ̀dà. Láti ìgbà tí aṣọ wọlé títí tó fi jáde ní gbígbẹ, ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú wá nìyí o: ohun tí omi ń yọ, sọ́fẹ́ǹtì kì í sábà yọ ọ́. Ṣúgà, iyọ̀, òógùn, ẹ̀jẹ̀, tíì, wọ́n lè jáde bí wọ́n ṣe wọlé. Ìdí nìyẹn tí mínírà yín fi ń bà mí lẹ́rù ju epo lọ. Ẹ ní kò hàn mọ́. Ṣúgà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ooru. Tó bá dé inú afẹ́fẹ́ 60°C yẹn, tí áyọ́ọ̀nù tún gun orí rẹ̀, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ṣúgà tó jóná nídìí ìkòkò, oníbàárà á ní wọ́n ti jó aṣọ òun. Ẹ fi pínnì há etí ibi tó dà sí, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ pé mínírà ni, kó fi omi díẹ̀ àti oògùn àbàwọ́n ṣúgà yọ ọ́ lórí tábìlì kó tó ti aṣọ sínú ẹ̀rọ.

Epo pupa rọrùn. Sọ́fẹ́ǹtì fẹ́ràn rẹ̀. Nílé, ẹ tẹ́ aṣọ funfun mímọ́ sábẹ́ àbàwọ́n, ẹ bu páúdà ara lé e lórí kó bò ó pátápátá, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Ẹ máa tún un ṣe títí páúdà tuntun kò fi ní pọ́n mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ra á o, ríra ló ń ti epo wọnú òwú. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ dé oṣù mélòó kan, torí àbàwọ́n epo tó bá pẹ́ lójú afẹ́fẹ́ máa ń ṣòro yọ, àní fún sọ́fẹ́ǹtì náà.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ lóòótọ́: ẹ bi í léèrè irú sọ́fẹ́ǹtì tó ń lò. Kò ní rò ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bí kóòtù bá ń kán tó-tó-tó lórí okùn, omi ló fi fọ̀ ọ́. Ẹ fi imú gbọ́ aṣọ tó ti parí: tó bá ń rùn kíkan tàbí bí òróró àtijọ́, tàbí tí funfun di eléèérú, kì í se sọ́fẹ́ǹtì rẹ̀ déédéé, ìdọ̀tí aṣọ ẹlòmíràn ló ń padà lẹ̀ mọ́ tiyín.

Ọmọ_Ahunṣọ_Ìṣẹ́yìn fèsì:

Ẹ̀gbọ́n ti tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ti aṣọ òkè fúnra rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo òfì ló rí bákan náà.

Sányán, ara kòkòrò ni òwú rẹ̀ ti wá, sílíkì ilẹ̀ wa ni. Ẹtù, aró ni wọ́n fi pa á. Àwọn ti àtijọ́ wọ̀nyẹn, òwú gidi ni wọ́n. Èyí tí à ń wọ̀ sóde lónìí, òwú, réyọ̀n àti akirílíìkì (òwú àtọwọ́dá ni méjèèjì yìí) ló sábà máa ń dàpọ̀ nínú rẹ̀, kí a tó wá fi ṣáìn-ṣáìn sí i. Réyọ̀n tó bá rin máa ń pàdánù agbára tó sún mọ́ ìdajì. Ẹ gbá a mú níbi tó ti rin, ẹ fún un bí ẹ ti ń fún àǹkárá, ẹ ó rí i tó ya tàbí tó fà jáde láìpadà sí ìwọ̀n rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ojú rírán. Òfì kì í fẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ni wọ́n ń rán pọ̀ kó tó di ìró. Òwú inú ìlà á súnkì tómi bá kàn án, òwú pọliẹ́sítà tí télọ̀ fi rán an kò ní súnkì. Gbogbo ojú rírán á wá ká jọ rújọrújọ, kò sí áyọ́ọ̀nù tó lè tẹ́ ẹ padà. Tí ẹ bá rí ìró òfì tó ń wú láàárín ìlà bí ìrọ̀rí, ohun tó ṣe é nìyẹn.

Ṣáìn-ṣáìn ní tirẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ ni, wọ́n fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín rẹ̀. Ohun méjì ló ń pa á. Ọṣẹ tó gbóná lára, bí ọṣẹ dúdú àti àwọn ọṣẹ ìfọṣọ líle, máa ń jẹ alumíníọ̀mù, bílíìṣì burú jùyẹn lọ, dídán á kú. Ooru sì ń mú kó ká. Ẹ yí aṣọ dé ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ aṣọ funfun tí kò ní sítáàṣì sáàárín òun àti áyọ́ọ̀nù, ẹ lo ooru tó kéré jù, ẹ máa gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má fà á. Ẹ má sì fín omi sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi omi kan ibi mínírà yẹn fúnra yín kí ẹ tó rí ẹni gidi, ẹ dán àwọ̀ wò ná. Ẹ rin aṣọ funfun kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìṣẹ́tí láti inú fún ìṣẹ́jú kan. Bí àwọ̀ bá bá a jáde, ó parí síbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ (omi tútù lásán, kò gbọdọ̀ máa kán) tẹ àbàwọ́n láti etí wá sí àárín, ẹ máa yí sí ojú mímọ́ aṣọ náà, ẹ wá fi èyí tó gbẹ fa omi kúrò. Láti etí wá sí àárín ni mo wí o. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, òrùka á ràn jáde.

Kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n ki òfì náà sínú àpò àwọ̀n kó tó wọ ẹ̀rọ. Lítà kan perc wúwo tó kilo 1.6, aṣọ tó mu ún yó máa ń lu ara rẹ̀ gan-an níbi tó ti ń yí, òwú á há, á já.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Mo ti bu páúdà lé epo náà. Ti kóòtù yẹn ńkọ́, kí ni P ń sọ? Léèsì olókúta kan náà wà tí mo fẹ́ kó pọ̀ mọ́ ọn.

Báyọ̀_London fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àmì róbótó ń bá oníṣẹ́ dry cleaning sọ̀rọ̀, lẹ́tà inú rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ ohun tó lè lò. P: ó lè lo perc, ó sì lè lo sọ́fẹ́ǹtì tó rọ̀ jù ú lọ. F: kó má lo perc rárá, àwọn sọ́fẹ́ǹtì tí wọ́n ń fà jáde lára epo rọ̀bì nìkan ni. W: omi ni, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Tí wọ́n bá fa ìlà kan sábẹ́ róbótó náà, kó ṣe é jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá fi àgbélébùú fa á kọjá, kó má ṣe é. Lórí àmì áyọ́ọ̀nù, tòótó kan ni ooru kékeré, nǹkan bíi 110°C, tòótó mẹ́ta ni ti òwú tó gbóná jù. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń gé àmì yìí kúrò torí pé ó ń yún wọn lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá máa gé e, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò kan.

Kóòtù onírun àgùntàn kì í fẹ́ ìfọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ gbé e kọ́ sí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èjìká àti ọrùn rẹ̀, ó tó. Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ gbé e lọ, ẹ gbé kóòtù àti ṣòkòtò rẹ̀ lọ pọ̀, bí ṣòkòtò ò tiẹ̀ dọ̀tí. Àwọ̀ máa ń yí díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀kan bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà tí èkejì lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní jọ ara wọn mọ́.

Léèsì olókúta yẹn, ẹ má fi kún un kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé wọ́n rán òkúta náà mọ́ ọn ni, àbí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́? Ẹ yí i dé ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá rí òwú níbi òkúta kọ̀ọ̀kan, rírán ni. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù, perc lè tú u, òkúta á máa já sínú ẹ̀rọ bí àgbàdo. Àwọn bọ́tìnnì àti ìlẹ̀kẹ̀ oníke kan wà tí perc ń yọ́ tí wọ́n á wá lẹ̀ mọ́ aṣọ. Awọ oníke tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ náà á le, á sì sán, nítorí perc máa ń fa ohun tó ń mú un rọ̀ kúrò lára rẹ̀. Irú léèsì bẹ́ẹ̀, sọ́fẹ́ǹtì F ló yẹ ẹ́, tàbí ọwọ́ àti omi tútù nínú báàfù, láìfún un.

Ẹ yọ láílọ̀nù kúrò lára gbogbo aṣọ tí ẹ bá gbà padà. Ọ̀nà àtigbé e délé ni láílọ̀nù wà fún. Ẹ gbé aṣọ kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kó má jẹ́ yàrá tí ẹ̀ ń sùn, fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Perc kò dáa fún ènìyàn láti máa fà símú. Ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ ní December 2024 pé kí àwọn oníṣẹ́ dry cleaning níbẹ̀ jáwọ́ lílò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 10. Tí aṣọ bá ṣì ń rùn lẹ́yìn ọjọ́ kejì, wọn ò gbẹ ẹ́ tán, ẹ dá a padà fún wọn.

Alágbàfọ̀_Ojúlówó:

Àdúrà mi ni kí gbogbo ènìyàn ka ti láílọ̀nù yẹn dáadáa.

Ẹ jẹ́ n fi ti gínì kún un, torí wọ́n ń náwó dry cleaning lé e lórí láìnídìí. Agbádá gínì funfun tó dọ̀tí lọ́rùn àti lábíyá, òógùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, omi ló sì ń yọ òógùn. Ohun tí ẹ máa pàdánù nínú omi ni líle rẹ̀, nítorí omi ń tú sítáàṣì, sọ́fẹ́ǹtì kì í tú u. Ẹ sì lè dá líle náà padà. Ẹ po ṣíbí ìjẹun 2 sítáàṣì ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú omi tútù díẹ̀ kó má ní kókó. Ẹ da omi tó ń hó lítà 1 lé e, ẹ máa rò ó títí á fi yọ̀ tí ojú á fi lè rí inú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ yí aṣọ dé ẹ̀yìn kí ẹ tó rì í. Aláwọ̀ dúdú àti búlúù tó kún, ẹ fi omi lítà 1 mìíràn là á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu funfun lójú. Ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Tó bá tutù kọjá bẹ́ẹ̀, áyọ́ọ̀nù á máa lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa pọ́n.

Àdìrẹ aláró náà, omi tútù, òun nìkan, gbígbẹ lábẹ́ òjìji. Iyọ̀ àti fíníigà tí wọ́n ń bù sí i kì í di aró mú. Aró tó ń kùn yín lọ́wọ́ ni èyí tí kò lẹ̀ mọ́ òwú láti ibi ìkòkò, ẹ máa ṣan án títí omi á fi mọ́.

Tí epo pupa bá ta sí aṣọ òwú tó ṣeé fọ̀, ẹ kán ọṣẹ ìfọwo sí i ní gbígbẹ, kí omi tó kàn án, fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wá fọ̀ ọ́. Pupa tó bá kù kì í ṣe epo mọ́, àwọ̀ epo ni. Ẹ sá a sójú oòrùn, á parẹ́.

Ọmọ_Ahunṣọ_Ìṣẹ́yìn:

Ìtọ́jú ló kù. Ẹ má ká òfì sí mẹ́rin kí ẹ tó tò ó pelemọ, ojú kíká ni ṣáìn-ṣáìn ti ń ṣẹ́. Ẹ wé e mọ́ páìpù tí wọ́n fi ń ká aṣọ ní ọjà, ẹ fi aṣọ funfun bò ó. Kí ó má ní sítáàṣì lára, aáyán fẹ́ràn sítáàṣì. Sányán nìkan ni kòkòrò ajẹrun ń jẹ nínú wọn.

Tí ẹ bá ń lo káńfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáàárín aṣọ ìkókó tàbí aṣọ tí ẹ máa fi pọ̀n ọ́n. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní G6PD tó (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ ni), òórùn káńfọ̀ lásán lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú àti ara rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, ó lè kan ọpọlọ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, a kì í sì í mọ̀ wọ́n lójú. Aṣọ tí káńfọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn dáadáa kó tó kan ọmọ.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:

Páúdà ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde ní funfun báyìí. Mo ti ha pínnì sí apá bùbá, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: "mínírà ọlọ́sàn, ọjọ́ mẹ́ta." Ẹ kú iṣẹ́ o.